Bọ́ọ̀lù tí ọmọ wa gbá dànù, ẹnì kankan ò kà á

Láti ọjọ́ Sátidé ni nǹkan yìí ti ń dùn mí, mo sì ti pinnu pé mi ò ní kọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Àfi bí ẹnì kan ṣe gbé fídíò ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì tí mo lọ wò lọ́jọ́ náà sórí WhatsApp àdúgbò wa lánàá, tó ní ká wá wo bí àwọn ọmọ wa ṣe ń ṣe bẹbẹ. Mo wò ó tán. Ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko, bọ́ọ̀lù tó wọ àwọ̀n nìkan ló kún ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí wọn ò fi síbẹ̀ fún yín.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọkùnrin ọdún 16, ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ṣe ìdíje àwọn ọ̀dọ́ kan nílùú Ìbàdàn níbí, mo sì sìn ín lọ. Àpáta la ti wọ Micra, mo gbé omi tútù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé itan. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kóòṣì gbé lé e lọ́wọ́: kó tẹ̀ lé ọmọ gíga kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń figagbága, kó má jẹ́ kó mí. Ó tẹ̀ lé e bí òjìji. Ó ṣubú lórí sìmẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀mẹta, eékún rẹ̀ bó. Nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, póíǹtì kan ṣoṣo ni àwọn ọmọ wa fi ṣíwájú. Ọmọ gíga yẹn já wọlé, ó fò, bọ́ọ̀lù ti ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ni tiwa bá fò tẹ̀ lé e, ó fi orí ìka ọwọ́ òsì ta á. Bọ́ọ̀lù kan irin, ó jáde. Rẹfirí fọn fèrè. Mo kígbe débi pé ohùn mi há.

Ìgbà tó di pé wọ́n fẹ́ pín ẹ̀bùn, ẹni tó ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù ni wọ́n kọ́kọ́ pè, wọ́n fún un ní bàtà. Ẹni tó tẹ̀ lé e gba bọ́ọ̀lù tuntun. Ọmọ wa, tí póíǹtì tirẹ̀ ò ju mẹ́rin lọ, jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń fi píọ̀ wọ́tà fọ eékún. Mo bá lọ bá bọ̀dá tó ń ya fídíò. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ibi tí ọmọ yẹn ti ta bọ́ọ̀lù dànù níparí yẹn yà?" Ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ̀mí, mi ò yà á. Kì í ṣe póíǹtì. Àwọn èèyàn kì í wo irú ìyẹn."

Kì í ṣe póíǹtì. Gbólóhùn yẹn ni mo gbé sùn.

Mo gbá bọ́ọ̀lù yìí ní sẹ́kọ́ńdírì, mo mọ ohun tó ń ná ẹni tó ń dí ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sinmi, ojú rẹ̀ kì í kúrò ní ìbàdí ẹni tó ń ṣọ́. Bó bá ṣe é dáadáa, ohun tí ò ṣẹlẹ̀ ni èrè rẹ̀. Ta ní í pàtẹ́wọ́ fún ohun tí ò ṣẹlẹ̀?

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú: bọ́ọ̀lù tó ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló ń ba eré yìí jẹ́. Á yé ẹni tó bá ń ra tòmátì ní Bódìjà. Bí ọkọ̀ bá ti já a sílẹ̀ rẹpẹtẹ, kò sẹ́ni tó ń yẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò mọ́. Nínú All-Star ọdún 2024, eré tí wọ́n máa ń ṣa àwọn ìràwọ̀ NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, jọ gbá, 211 sí 186 ni wọ́n parí rẹ̀ sí, láìsí àfikún àsìkò kankan. Lọ́dún 1983 tí Detroit fi 186 borí Denver tó ní 184, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi àsìkò kún un kí wọ́n tó rí ẹni tó borí, wọ́n sì ń jà fún un. Ti 2024 yìí, ńṣe ni wọ́n ń yàgò fún ara wọn bí ẹni ń yàgò fún ọkọ̀ ìyàwó. Mo pa tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òdo sí òdo bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ń sú yín, mo ti gbọ́ yín. Ṣé ẹ rántí 2013, nílẹ̀ wa níbí, tí ẹgbẹ́ kan gbá góòlù 79 sáwọ̀n, tí òmíràn gbá 67, tí àwọn tí wọ́n bá gbá ò sì rí ẹyọ kan? Ta ló fò sókè nígbà tí góòlù àádọ́ta wọlé? Ìyà ni àjọ bọ́ọ̀lù fi jẹ ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n òru tí Kanu gbá ẹ̀kẹrin sáwọ̀n Brazil ní Olympics 1996, àwọn tó ti lọ sùn pàápàá jí. Àwọn bàbá wa tó ń ta ayò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta, bá ń jẹ òpè, èèyàn á wò fìrí, á kọjá lọ. Ọjọ́ tí ọ̀ta méjì bá pàdé, tí ọmọ ayò ò ṣe é jẹ bọ̀rọ̀, ni èrò máa ń pé lé wọn lórí.

Hakeem Olajuwon ńkọ́, ọmọ Èkó, ọmọ Yorùbá bíi tiwa? Lọ́dún 1994, ẹ̀ẹ̀meje ni Houston, ẹgbẹ́ tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún, àti New York pàdé nínú àṣekágbá NBA, kò sí ìgbà kan tí èyíkéyìí nínú wọn dé 100. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, Houston ní 86, New York ní 84, John Starks gbé bọ́ọ̀lù tí ì bá gba ife náà lọ sókè, Hakeem na ọwọ́, ó fi ìka kàn án. Ìyẹn náà kì í ṣe póíǹtì. Houston ló gba ife. Irú block bẹ́ẹ̀, ìyẹn kéèyàn ta bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù dànù, tí Hakeem ṣe ní NBA jẹ́ 3,830, kò sì tíì sẹ́ni tó kọjá rẹ̀.

Gbogbo èyí ni mo rò fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ àná. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń jù ú láti òkèèrè ni mo fẹ́ kọ́." Ó wá bi mí bóyá mo mọ̀ pé lọ́dún 1950, Fort Wayne fi 19 borí Minneapolis tó ní 18, torí pé ńṣe ni wọ́n di bọ́ọ̀lù mọ́wọ́, àti pé nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ṣòfin ní 1954 pé ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jù ú sí àwọ̀n kí ìṣẹ́jú àáyá 24 tó pé. Mo mọ̀ ọ́n. Mo kàn fò ó ni. Mi ò lè jókòó wo 19 sí 18.

Ní ìrọ̀lẹ́ òní mo yà ní kọ́ọ̀tù. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń jù láti ẹ̀yìn ìlà. Mo ka 20, mẹ́jọ wọlé. Nígbà tí ẹ̀kẹjọ wọlé tí àwọ̀n dún, mo pariwo, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni kankan tó ń dí i lọ́nà. Mo bá gbé báàgì mi sílẹ̀, mo lọ dúró níwájú rẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó jù ú. Ó gba orí ọwọ́ mi kọjá, ó wọlé, mo tún pariwo. Mo rò pé èyí tí mo dí i lọ́nà ló máa dùn mọ́ mi jù. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ló rí.