Ẹ Ka Àwọn Tó Ń Ṣiṣẹ́, Ẹ Yéé Ka Ìwé Ẹ̀rí

Àwòrán náà ti mọ́ wa lójú jù. Olóṣèlú á dúró síwájú, àwọn ọ̀dọ́ á tò sẹ́yìn rẹ̀ nínú ẹ̀wù tí wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ sí láyà, ẹ̀rọ ìránṣọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré àti ẹ̀rọ ìgẹrun á wà nílẹ̀ lọ súà. Wọ́n á kéde iye ọ̀dọ́ tó kọ́ṣẹ́ ọwọ́, wọ́n á ní ìwé ẹ̀rí ti tẹ gbogbo wọn lọ́wọ́. Akọ̀ròyìn á kọ ọ́ sílẹ̀, olóòtú á tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tí ọdún bá yí po, kò sẹ́ni tó ń padà lọ wo ibi tí àwọn ọ̀dọ́ náà wọlé sí. Àwa oníwèé ìròyìn pín nínú ẹ̀bi yìí, torí iye tí wọ́n bá kà fún wa lọ́jọ́ ayẹyẹ la máa ń tẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀. Lásìkò tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ yìí, ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ṣẹ́ gan-an ló yẹ kí owó ìkọ́ṣẹ́ ìjọba máa lọ, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́. Iye àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun lẹ́yìn ọdún kan ló sì yẹ kí ìjọba máa kà fún wa.

Ara ń ni gbogbo ènìyàn. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 nígbà náà ti kọjá ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi ₦460 kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ti lé ní ₦1,500 nígbà tí oṣù Kejì ọdún 2024 dé. Iléeṣẹ́ ò lè mú un mọ́ra. Iléeṣẹ́ apòògùn GlaxoSmithKline kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 pé òun ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, iléeṣẹ́ Procter & Gamble ní òun ò ní máa ṣe ọjà níbí mọ́, òkè òkun lòun á ti máa kó o wá. Àwọn méjèèjì ni Àgbárá, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, mọ̀ dáadáa. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀ lè ti lé lógójì ọdún, kó ní ìyàwó, kó ní ọmọ nílé ìwé. Bó bá wo fọ́ọ̀mù ètò ìkọ́ṣẹ́ ìjọba, ohun tó sábà máa ń bá níbẹ̀ ni pé ọdún 18 sí 35 ni wọ́n ń fẹ́. Ọ̀dá owó ò béèrè ọjọ́ orí kó tó wọlé tọ̀ ọ́.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ọdún 1986 tí ìjọba Babangida gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé, ọdún náà ni wọ́n dá àjọ NDE sílẹ̀ láti wá iṣẹ́ fún àwọn aláìríṣẹ́, kí wọ́n sì kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́ ọwọ́. Kó tó dìgbà náà, láti ọdún 1971 ni òfin ti dá ITF, àjọ tó ń kó owó jọ fún ìkọ́ṣẹ́ òṣìṣẹ́, sílẹ̀. Iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè gbọ́dọ̀ máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san lọ́dún sínú àpò rẹ̀. Lẹ́yìn náà la rí OYES, ètò ọ̀dọ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní 2010, tó gba 20,000 ọ̀dọ́. A rí N-Power, ètò ọ̀dọ́ ti ìjọba àpapọ̀, láti 2016, tó ń san ₦30,000 lóṣù kí wọ́n tó dá a dúró ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. A tún rí 3MTT, tó ní òun máa kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn níṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ayélujára. Ìjọba kọ̀ọ̀kan ló ń mú orúkọ tirẹ̀ bọ̀. Àwọn àgbà ní bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ó ti pẹ́ tí ìjọba wa ti ń ṣubú lórí ọ̀rọ̀ yìí, iwájú ló sì ń wò títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ iye ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ní ìparí ọdún 2020, NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, ní ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ni kò rí iṣẹ́ ṣe. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ìdá 4.1 ni wọ́n pè é. Kì í ṣe pé iṣẹ́ rọ̀jò sílẹ̀ láàárín ọdún méjì lé díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kà á ló yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ aláìríṣẹ́. Ní báyìí, ẹni tó bá fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ owó láàárín ọ̀sẹ̀ ti wà lára àwọn tó níṣẹ́. Ìlànà àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé ni, a ò sọ pé NBS purọ́. Àmọ́ ohun tó wúlò jù nínú ìwé tí NBS kọ iye ti 2023 yìí sí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà: ju ìdá 92 lọ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ló wà lẹ́nu iṣẹ́ àdáṣe, ìsọ̀, oko àti ṣọ́ọ̀bù tí kò sí nínú ìwé ìjọba. Ibẹ̀ ni orílẹ̀-èdè yìí ti ń jẹun. Kí ló dé tí ètò ìkọ́ṣẹ́ wa fi dà bíi pé ìdá mẹ́jọ yòókù ni wọ́n ṣe é fún?

Ẹ wo bí ìkọ́ṣẹ́ ṣe ń lọ nílẹ̀ wa. Òbí á mú ọmọ lọ bá ọ̀gá, wọ́n á tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn níwájú ẹlẹ́rìí, wọ́n á san owó ìkọ́ṣẹ́. Ọdún méjì ni, mẹ́ta ni, nígbà mìíràn mẹ́rin. Ọmọ iṣẹ́ á máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á máa na irinṣẹ́ sí ọ̀gá, á máa wò, títí ọjọ́ tí wọ́n á ní kó fọwọ́ kan iṣẹ́ oníbàárà. Lọ́jọ́ fíríìdọ̀mù, àwọn àgbà ẹgbẹ́ á péjọ, wọ́n á gbàdúrà fún un, ìyá rẹ̀ á se ìrẹsì. Mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ wa ṣe, télọ̀ tó rán aṣọ ẹbí tó wà nínú àpótí wa, wẹ́dà tó ṣe géètì ilé wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti jáde. Iléèwé tó tóbi jù nílẹ̀ yìí nìyẹn, àwọn òbí ló sì ń san owó rẹ̀.

Ebi ti ń tú iléèwé náà ká. Ọmọ iṣẹ́ kì í gba owó oṣù, owó oúnjẹ tí ọ̀gá bá rí lọ́jọ́ náà ló ń fún un. Nígbà tí owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ bá ti ju owó oúnjẹ yẹn lọ, ṣé ọmọ á máa fẹsẹ̀ rìn láti Ìyànà-Ìpájà dé Ìkẹjà ni? Ọ̀kadà ni yóò lọ gùn, torí owó ọ̀kadà ń wọlé kílẹ̀ tó ṣú. A ò lè bá a wí. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ kó tó lè jó irin kan mọ́ èkejì, oníbàárà sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóṣù parí ná. Àwọn tó ń kọ́lé l'Ékòó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ó ti pẹ́ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fẹ́ kí táìlì ilé wọn tẹ́ dáadáa, ọmọ Tógò tàbí ọmọ orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n ń wá kiri.

Kí ni wọ́n ṣe ní Benin? Títí kan Àjàṣẹ́ àti Kétu, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè wa, ìjọba ibẹ̀ ò pa ṣọ́ọ̀bù tì. Wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní CQP lé e lórí. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni ọmọ iṣẹ́ ń wà ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, ó sì ń lọ sí ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ fún ìyókù láti mọ ohun tó wà nídìí iṣẹ́ tó ń fọwọ́ ṣe. Ẹni tó kọ́ tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù nìkan náà ní ìdánwò tó lè jókòó fún, CQM ni wọ́n ń pè é.

Ìwé ẹ̀rí irú èyí ṣe pàtàkì ju bí a ṣe rò lọ. Ní Ùgáńdà, àwọn olùwádìí tọpa ọ̀dọ́ bíi 1,700. Wọ́n rán àwọn kan lọ síléèwé iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n fi àwọn kan sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ kéékèèké kí wọ́n kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Owó tó ń wọlé fún ìhà méjèèjì gòkè, àmọ́ èrè àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí tó ṣeé gbé kiri ló pẹ́ jù, torí bí iṣẹ́ kan bá bọ́, wọ́n rí nǹkan fi wá òmíràn. Ìwé fíríìdọ̀mù tí ọ̀gá fọwọ́ sí ní Ṣómólú lè má já mọ́ nǹkan kan lójú oníṣẹ́ ní Ìbàdàn. Àwa náà ní ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́, NBTE, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, náà sì ní ìlànà tó lè fi ìwé ẹ̀rí fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ lẹ́bàá títì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì àdúgbò yín bóyá ẹnikẹ́ni ti sọ ọ́ fún un rí.

Àwọn kan á ní àwọn ọ̀gá mìíràn ń fi ọmọ iṣẹ́ ṣe ẹrú, wọ́n ń rán an lọ pọn omi sílé ju bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ níṣẹ́. Òótọ́ ni. Wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ló wà nínú ọkọ̀ ayé òde òní, iná oòrùn sì ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀gá mìíràn ò mọ̀ ju ti àtijọ́. Òótọ́ nìyẹn náà. Ìdí rèé tí owó ìjọba fi gbọ́dọ̀ ní àdéhùn nínú. Kí owó ọkọ̀ àti oúnjẹ máa wọ àpò ọmọ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lóṣooṣù, kó má gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá. Kí ọ̀gá gba ìdajì owó tirẹ̀ nígbà tó bá gba ọmọ, kó gba ìdajì yòókù nígbà tí ọmọ náà bá yege ìdánwò níwájú ẹni tí kì í ṣe òun. Kí apá kan owó tí ITF ń gbà fi àwọn ọ̀gá ránṣẹ́ padà sí kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti kọ́ iṣẹ́ tuntun. Kí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn fún òṣìṣẹ́ Àgbárá tó ti lé lógójì ọdún.

Lórí kíka iye àwọn tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò ṣeé ṣe. Ní 2011, ìjọba Goodluck Jonathan ṣe YouWiN, ìdíje owó fún àwọn tó fẹ́ dá okòwò sílẹ̀ tàbí mú un gbòòrò. Nǹkan bíi 24,000 ènìyàn ló dìje, 1,200 ló gba owó. Wọ́n ṣẹ́ kèké mú apá kan lára wọn, ìyẹn ló jẹ́ kí David McKenzie ti Báńkì Àgbáyé lè fi àwọn tó rí owó gbà wé àwọn tí kò rí gbà fún ọdún mẹ́ta. Iṣẹ́ bíi 7,000 ni ìwádìí rẹ̀ ní ètò náà dá sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́, ó lè jiyàn pé owó náà pọ̀ jù tàbí kò pọ̀, àmọ́ ó ní nǹkan tó lè dì mú. Ti àwọn ètò yòókù, ariwo ni wọ́n fi kà á fún wa. Ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tó ní igba lòun gbìn, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Irọ́ yẹn ni àwọn ọmọ wa ń jẹ.

Kí ọdún tó parí, àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nílẹ̀ Yorùbá á gbé àbá ìnáwó lọ sílé aṣòfin. Ojú ìwé kan á wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ ìrónilágbára ọ̀dọ́ sí. À ń bẹ àwọn aṣòfin pé kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n ní kí kọmíṣánnà mú àkọsílẹ̀ àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dún tó kọjá wá, ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan: mélòó ló ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, mélòó ló ti ta ẹ̀rọ tí wọ́n fún un, kí sì ni wọ́n ń pa lóṣù. Bí kò bá rí i mú wá, kí wọ́n dá ojú ìwé náà padà fún un.