Ṣakabùlà kò lè kojú AK-47

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kí ìjọba ṣáà fi kún iye fìjìlanté ní Gúúsù Kwara láti kojú ajínigbé, ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ná. Ṣakabùlà: wọn á da ẹ̀tù sẹ́nu rẹ̀, wọn á fi ọ̀pá kì í, wọn á da ọta sí i, wọn á tún kì í, kí wọ́n tó yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré. Bí òjò bá pa ẹ̀tù, ó tán nìyẹn. AK-47 ajínigbé ń gba ọta 30.

Ní Eruku, lóṣù kọkànlá ọdún 2025, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ajínigbé ti kó èèyàn 38. Ààlà Kogí nìyẹn o! Ṣé ẹ̀ṣọ́ Kwara lè lépa wọn kọjá ibẹ̀? Àmọ̀tẹ́kùn pàápàá, ẹ̀ṣọ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 2020, Kwara ò sí nínú rẹ̀. Kí ẹ̀ṣọ́ Kwara, Kogí àti Èkìtì ní rédíò ìbánisọ̀rọ̀ tó ń gbọ́ra, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í dúró nínú igbó.

Ti ọlọ́pàá ló dùn mí jù. Abala 215 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 jẹ́ kí gómìnà pàṣẹ fún kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n kọmíṣọ́nnà náà lè ní òun fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ti Ààrẹ. Kí èsì tó dé, ajínigbé ti kó èèyàn wọgbó.