Èsì wa sí oníbàárà wa ní Kubwa: kéèjì tó kún fún ìtọ̀, ọmọ ajá tí kò jẹ́ kí ará ilé sùn

Ẹ kú àárọ̀ o, mà, ẹ sì kú àìsùn. A ti ka ohun tí ẹ kọ dé ìparí. Ìràwọ̀ 2 nínú 5 lẹ fún wa. Ẹ ní kéèjì 42 íǹṣì tí ẹ rà fún ọmọ German Shepherd yín, ọmọ ọ̀sẹ̀ 9, kò wúlò: ó ń tọ̀ sí igun rẹ̀ lóròòru, òórùn ìtọ̀ sì ti wọ rọ́ọ̀gì; ó ń ké láti aago 11 títí ilẹ̀ fi ń mọ́, aládùúgbò sì ti wá kanlẹ̀kùn; ó ń bu àwọn ọmọ jẹ lẹ́sẹ̀; ìlẹ̀kùn kéèjì ṣí fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì; kí á dá owó yín padà. Àwọn tó ń ka èyí tí irú ọmọ ajá bẹ́ẹ̀ wà nílé wọn kò níye, nítorí náà gbangba la ó ti dáhùn, a ó sì dáhùn ní kíkún.

Ìtọ̀ ni ká kọ́kọ́ mú. Nínú àwòrán tí ẹ fi síbẹ̀, aṣọ tó ń sùn lé wà lápá ọ̀tún, gbígbẹ táútáú. Ìtọ̀ wà lápá òsì, lẹ́yìn pátápátá. Àwòrán yẹn ti sọ ọ́ tán. Ajá kì í fẹ́ tọ̀ síbi tó ń sùn, orí ìyẹn ni gbogbo iṣẹ́ kéèjì dúró lé. Ṣùgbọ́n 42 íǹṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 107, ìwọ̀n àgbà German Shepherd ni. Bí ẹ bá sọ ọmọ ọ̀sẹ̀ 9 sínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbayawu, yàrá pẹ̀lú ṣáláńgá lẹ fún un: á sùn níhìn-ín, á rìn lọ tọ̀ lọ́hùn-ún, á padà wá sùn.

Irin ìpààlà ló wà fún èyí, ó sì wà nínú páálí tí ẹ gbé lọ. Pẹrẹsẹ ló wà lábẹ́ tíréè dúdú, inú láílọ́nù, àwọn ènìyàn sì máa ń rò pé ara ìdí kéèjì ni. Ẹ fa tíréè jáde, ẹ ó rí i. Ìkọ́ wà létí rẹ̀ méjèèjì. Ẹ gbé e wọlé lóròó, ẹ fi àwọn ìkọ́ náà há irin tó dábùú lára ògiri kéèjì, kí ẹnu wọn kọjú sẹ́yìn, kì í ṣe síbi tí ajá wà, kó má fi ya ara. Ibi tí ẹ máa há a sí ńkọ́? Ẹ fi téèpù wọn ajá láti imú dé ìdí ìrù, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 10 lé e. Kó lè dìde láìtẹrí ba, kó lè yí padà, kó lè na ẹsẹ̀ bó bá dùbúlẹ̀. Àyè tó bá ju ìyẹn lọ, ìtọ̀ ni yóò fi í ṣe. Ajá yìí ń yára dàgbà, nítorí náà ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ máa sún irin náà sẹ́yìn. Bí ẹ ò bá wá rí irin náà nínú páálí lóòótọ́, ẹ fi nọ́ńbà rìsíìtì ránṣẹ́ sí wa. Ẹni tó ń gbé ẹrù lọ sí Kubwa á mú òmíràn bọ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ tún máa bọ́ kọ́là lọ́rùn rẹ̀ kó tó wọlé. Kọ́là lè há sára irin kéèjì lóru, kó sì fún ajá lọ́rùn.

Irin yẹn nìkan kò ní yanjú ọ̀rọ̀ o. Gbólóhùn kan wà tí ẹ sáré kọjá lórí rẹ̀: aago 6 àárọ̀ lẹ ń kúrò nílé nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tó wà lójú ọ̀nà Kubwa, aago 6 ìrọ̀lẹ́ lẹ ń wọlé, inú kéèjì lajá sì wà títí ẹ ó fi dé. Wákàtí 12 nìyẹn. Mà, kò sí ọmọ ajá tó lè di ìtọ̀ mú fún wákàtí 12, ì báà jẹ́ kéèjì wúrà lẹ rà fún un. Ìṣirò tí àwọn tó ń kọ́ ajá ń lò ni pé kí ẹ mú iye oṣù rẹ̀, kí ẹ fi 1 kún un: ọmọ oṣù 2, wákàtí 3, ọmọ oṣù 4, wákàtí 5. Òpin agbára rẹ̀ nìyẹn, bó bá ń sùn. Bó bá lajú tó ń ṣeré, tó ń mu omi, kò tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó sì ń dẹ́rù bà wá jù níbẹ̀ ni pé ajá tí wọ́n bá ń fipá mú tọ̀ síbi tó ń sùn lójoojúmọ́, ìtọ̀ kì í rí i lára mọ́. Bó bá ti débẹ̀, kéèjì tiwa, kéèjì ẹlòmíràn, kò sí èyí tó máa ràn án lọ́wọ́. Èyí kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi sílẹ̀ di ìparí oṣù.

Kí ẹnì kan máa mú un jáde láàárín ọ̀sán ló dára jù: bí aago 9, aago 12, aago 3. Mai gádì lè ṣe é, tàbí ẹni tó ń bá yín tọ́jú ilé. Bí kò bá sí ẹnì kankan, ẹ kó ọgbà onírin yí ẹnu kéèjì ká, kí ilẹ̀kùn kéèjì wà ní ṣíṣí, kí omi wà lápá kan, kí tíréè yanrìn tàbí koríko wà lápá tó jìnnà jù sí ibùsùn. Yóò pẹ́ kó tó mọ̀ pé ìta nìkan la ti ń tọ̀, a ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ó sàn ju ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí lọ fíìfíì. À ń ta ọgbà náà, àmọ́ kò pọn dandan kí ẹ rà á lọ́wọ́ wa. Wélídà ní Dei-Dei lè jó o fún yín. Kí àlàfo àárín irin má ṣáà ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, kí orí má baà há. Ẹ má sì gbé omi kúrò níwájú rẹ̀ lọ́sàn-án nítorí kó má baà tọ̀, pàápàá nínú ooru oṣù kẹta àti oṣù kẹrin. Alẹ́ nìkan la ń gbé e, bíi wákàtí kan ààbọ̀ kó tó sùn.

Ìgbà tó gbọ́dọ̀ jáde: bó bá ṣe jí gẹ́lẹ́, ìṣẹ́jú 5 sí 20 lẹ́yìn oúnjẹ, bó bá ṣeré tán, àti kó tó sùn. Okùn ni kí ẹ fi mú un lọ, ojú kan náà nínú ọgbà, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú 5 láìbá a ṣeré. Bó bá tọ̀ tán, kí ẹ̀dọ̀ bíbọ̀ tó tó èékánná ọmọ ìka dé ẹnu rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2, lórí ìdúró níbẹ̀. Bí ẹ bá di ilé kí ẹ tó fún un, wíwọlé lẹ sanwó fún, kì í ṣe ìtọ̀. Bí kò bá tọ̀, ẹ má tú u sí pálọ̀. Ẹ dá a padà sínú kéèjì fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún mú un jáde. Oúnjẹ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ títí yóò fi pé oṣù 6, kí ẹ gbé àwo kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Àwo tó wà nílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ ló ń jẹ́ kí ajá máa ṣu nígbàkigbà.

Ó kan igbe òru. Ẹ ní orí bákónì lẹ gbé kéèjì sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, nítorí ẹnì kan sọ fún yín pé ajá tó máa ṣọ́lé kò gbọdọ̀ mọ inú ilé. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ́pọ̀ ní Abuja, a ò sì fara mọ́ ọn rárá. Ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kò dá sùn rí láyé. Igbe tó ń ké, ó ń wá ẹni tí yóò sùn tì ni. Èéfín jẹnẹrétọ̀ wà lọ́tọ̀, ìyẹn lè pa á. Ajá tí ẹ̀rù ti wọ̀ lára láti kékeré kì í sì í ṣọ́lé dáadáa: á máa gbó gbogbo ohun tó bá mira, ọjọ́ tí yóò bá buni jẹ, àlejò yín ni yóò bù.

Ẹ gbé kéèjì wọ yàrá, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, níbi tí ọwọ́ yín ti lè kàn án. Ẹ mú un jáde ní 10:30, kí ẹ fi áláàmù sí 1:30 àti 4:30. Kó tó ké ni kí ẹ jí i. Bí ẹ bá dúró de igbe kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn, igbe lẹ ń kọ́ ọ. Ẹ má tan iná gbòò, ẹ má bá a ṣeré. Kó tọ̀, kó wọlé, ó tán. Bí aṣọ rẹ̀ bá gbẹ fún òru 4 tẹ̀lé ara wọn, ẹ sún 1:30 síwájú pẹ̀lú ìṣẹ́jú 15, títí yóò fi pàdé èkejì. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa sún kéèjì díẹ̀díẹ̀ síbi tí ẹ fẹ́ kó wà. Ní ti aago 4:30 yẹn, ẹ di okùn mú kó kúrú: àwọn aládùúgbò yín tó ti ṣe àlùwàlá tí wọ́n ń lọ kírun àsùbáà kò ní fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ wọn, ẹ ò sì fẹ́ kí wọ́n tún wá kanlẹ̀kùn.

Lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ kó fẹ́ràn kéèjì náà fúnra rẹ̀. Ẹ fi okùn so ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn kó má baà gbá mọ́ ọn. Ẹ máa ju ẹ̀dọ̀ sínú rẹ̀, kó wọlé mú un, kó jáde. Kó jẹun lẹ́nu ọ̀nà, lọ́jọ́ kejì kó jẹ ẹ́ nínú. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ti ilẹ̀kùn nígbà tó bá ń jẹun nìkan, kí ẹ wá fi ìṣẹ́jú 1 kún un, 5, 10. Bó bá ké, ẹ ti kánjú. Ẹ padà sí ìwọ̀n tó fara dà. Ẹ má fi kéèjì jẹ ẹ́ níyà láé.

Kí ó sì rí ayé kó tó pé bí ọ̀sẹ̀ 14, torí lẹ́yìn ìgbà náà, ohun tí kò mọ̀ ni yóò máa bẹ̀rù. Mai ruwa tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi, Kẹ̀kẹ́ NAPEP, agbohùnsókè mọ́ṣáláṣí, ọkùnrin tó wé láwàní, ọmọ ilé-ìwé tó ń sáré. Ọwọ́ yín ni kó wà kó máa wò wọ́n, ẹ má gbé e sílẹ̀ ní gbangba, nítorí pávò, àrùn èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa ọmọ ajá. Abẹ́rẹ́ pávò àti àwọn tó bá a rìn ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, à ń tún un gbà ní ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4 síra títí di ọ̀sẹ̀ 16.

Bíbu ọmọ jẹ: eyín ọmọwọ́ ló fi ń bu ohun gbogbo, yóò sì máa pààrọ̀ wọn láti bí oṣù 4 dé oṣù 6 tàbí 7, nítorí náà ẹ ṣe sùúrù. Kí àwọn ọmọ má sáré, kí wọ́n má pariwo. Eré nìyẹn lójú rẹ̀. Kí ẹni tó bù jẹ dúró gbagidi, kó yíjú kúrò, kó jáde nínú yàrá fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, kó padà, kó fún un ní ohun tó lè jẹ lẹ́nu. Aṣọ tútù tí ẹ ta ní kókó, tí ẹ gbé sínú fíríjì, dára fún un. Egungun adìyẹ sísè kò dára, ó ń fọ́ ṣóńṣó-ṣóńṣó sínú ìfun. Bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń burú jù, oorun ló ń kùn ún. Ọmọ ajá ń sùn tó wákàtí 18 lójúmọ́, ẹ fi sínú kéèjì kó sinmi. Gbogbo ilé sì gbọ́dọ̀ fẹnu kò sórí àṣẹ kan: bí bàbá bá ń sọ “jókòó”, tí àwọn ọmọ ń pariwo “sit”, tí mai gádì ń sọ “zauna”, kò ní mọ èyí tí yóò gbọ́. Ẹni tó ní kí ẹ máa fi ìwé ìròyìn na imú rẹ̀, ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Ajá tí ọwọ́ bá ń bà lẹ́rù á padà bu ọwọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí kì í ṣe ti ẹ̀kọ́. Ọmọ ajá yín kò tíì tó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Oṣù 3 ni, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Ilé ìwádìí ìjọba ní Vom, lẹ́bàá Jos, ń ṣe irú rẹ̀, dókítà ẹranko yóò bá yín wá a. Títí di ìgbà náà, àti lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú, bí eyín bá bẹ́ ara ọmọ èyíkéyìí, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Òórùn tó ti wọ rọ́ọ̀gì: ẹ fi aṣọ fa ìtọ̀ náà mu, ẹ fọ̀ ọ́n, kí ẹ wá da vinegar àti omi ní ìdajì-ìdajì sí i, kó gbẹ. Bí òórùn bá kù, ibẹ̀ ni yóò padà sí. Ẹ má lo Izal, májèlé ni fún ajá. Ẹ má da Hypo lé ìtọ̀ tútù, afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ìlẹ̀kùn tó ń ṣí: irin méjì ló ń tì í, òkè àti ìsàlẹ̀. Ẹ tì í wọlé tán pátápátá, kí ẹ tó tẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọwọ́ náà bá wà ní ìnàró, bí ajá bá ti fi ẹsẹ̀ gbá a ni yóò yọ̀.

Owó yín wàyí. A kì í gba kéèjì tí ajá ti lò padà, ó sì wà lára rìsíìtì. Kòkòrò pávò lè wà lára irin fún ọ̀pọ̀ oṣù láìkú, ọmọ ajá ẹlòmíràn ni yóò sì wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn tiyín. Bó bá jẹ́ irin ìtìlẹ̀kùn ló bàjẹ́ lóòótọ́, ẹ ya fídíò rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tì í, a ó pààrọ̀ odindi ilẹ̀kùn náà fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.