Ẹ Dá Ìtàn Padà sí Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì

Gbogbo ẹni tó ń tẹ̀lé ìròyìn ló ti gbọ́ ohun tí Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde ní Àbújá ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025: ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Èrò tiwa lórí ìpinnu náà kò fara sin. Àṣìṣe ni, a ó sì padà sí i kí ọ̀rọ̀ yìí tó parí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹni tó fara mọ́ ìpinnu náà àti ẹni tó kọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ jọ dáhùn, a kò sì tíì rí aláṣẹ kankan, yálà ní Àbújá tàbí ní Òṣogbo níbí, tó dáhùn rẹ̀ tó tẹ́ wa lọ́rùn: nígbà tí wọ́n ti ní Gẹ̀ẹ́sì ni, kí ni ọmọ yóò fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún?

Kì í ṣe òní la ti ń wí i. Ìwé ìròyìn yìí ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ọmọ tí kò ka ìtàn kan parí rí nínú èdè kan kò lè mọ èdè náà kọ sílẹ̀. Ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn JSS 3, lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ti àwọn ọmọ ẹ̀ka áàtì. Ọmọ tó bá lọ sí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì lè ṣe ọdún mẹ́ta gbáko, kí ó kọ́ gírámà, kí ó há àkànlò èdè sórí, kí ó máa ti inú ìbéèrè àtijọ́ kan bọ́ sínú òmíràn, láìka ìtàn kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àjọ JAMB a máa yan ìwé ìtàn kan fún gbogbo ẹni tó fẹ́ wọ yunifásítì, a sì gbóríyìn fún wọn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í ka ìwé náà fúnra rẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ tó kó ìbéèrè àti ìdáhùn rẹ̀ jọ ni wọ́n ń rà, wọ́n á há a, wọ́n á sì ti gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó ti gbọ̀ngàn ìdánwò délé. Àwọn ọmọ wọ̀nyí náà ni WAEC ń ní kí wọ́n kọ àròkọ tí kò ní dín ní 450 ọ̀rọ̀. Níbo ni kí wọ́n ti rí bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ rìn, nígbà tó jẹ́ pé gbólóhùn kan, àlàfo kan, ìdáhùn A sí D, ni a fi tọ́ wọn dàgbà?

Ẹni tó bá ti máàkì ìwé àwọn ọmọ wa rí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ju ọ̀lẹ lọ. Èdè Yorùbá kì í yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà nítorí àkókò: "lọ" tó wà nínú "mo lọ lánàá" náà ló wà nínú "màá lọ lọ́la". Gẹ̀ẹ́sì ní "go", ó ní "went", ó tún ní "gone". "Ó" ti Yorùbá kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, ìdí nìyẹn tí ọmọ tó gbọ́n dáadáa fi ń pe ìyá rẹ̀ ní "he" ní ìlà kan, tó sì ń pe bàbá rẹ̀ ní "she" ní ìlà kejì. Ti ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé tún le jù, nítorí "wọ́n" ló ń pe àgbà, "they" ló sì máa ń kọ sílẹ̀ fún ìyá kan ṣoṣo. Òfin gírámà tí a kọ sójú pátákó kì í wo èyí sàn. Ọmọ yóò há òfin náà, yóò gba 10 nínú 10 ní ọjọ́ Ẹtì, yóò sì tún ṣì í kọ ní ọjọ́ Ajé. Ohun tó ń mú un kúrò lára rẹ̀ ni kí ó máa pàdé "he", "she" àti "went" níbi tó jẹ́ pé, bí kò bá mọ ẹni tí wọ́n ń tọ́ka sí àti ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ìtàn yóò dàrú mọ́ ọn lójú, òun alára yóò sì fẹ́ mọ̀.

Ìdí tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa ìtàn kúkúrú, ìyẹn àwọn tó ti pẹ́ tí ayé sì ti mọ̀ wọ́n, nìyí. A lè ka ọ̀pọ̀ nínú wọn parí nínú píríọ́ọ̀dù méjì, kí ọmọ tó pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ, kí ìwé tó sọnù. Ẹ mú "The Necklace" ti Guy de Maupassant, ọmọ Faransé, tó jáde ní 1884. Mathilde Loisel, ìyàwó akọ̀wé ìjọba kan, fẹ́ lọ síbi àríyá ńlá, ó yá ẹ̀gbà ọrùn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ olówó, ó sì sọ ọ́ nù. Òun àti ọkọ rẹ̀ tọrùn bọ gbèsè, wọ́n ra òmíràn ní 36,000 faranki, wọ́n fi ọdún 10 ṣiṣẹ́ àṣelàágùn san án, kó tó wá gbọ́ pé ayédèrú ni ti àkọ́kọ́, tí owó rẹ̀ kò ju 500 faranki lọ. Ta ni nínú wa ni kò mọ ẹni tó yá aṣọ tàbí ìlẹ̀kẹ̀ lọ sóde rí? Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ yóò ka ìtàn náà sókè, yóò dúró níbi tí ẹ̀gbà ti sọnù, yóò sì béèrè ohun tí àwọn ọmọ ìbá ṣe. Kíláàsì yóò pariwo. Àwọn kan á ní kí ó jẹ́wọ́, àwọn kan á ní kí ó fara pamọ́. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi Yorùbá jiyàn rẹ̀, kí olùkọ́ gbà wọ́n láàyè. Nígbà tí wọ́n bá wá fẹ́ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, èrò á ti wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ni wọn yóò máa wá. Bí wọ́n bá tún ìtàn náà sọ láti ẹnu ọkọ, "she" yóò di "my wife", "he" yóò di "I", ọmọ yóò sì mọ arọ́pò-orúkọ lò láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ òfin rẹ̀ sójú pátákó.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní Faransé jìnnà, "Dead Men's Path" ti Chinua Achebe, tó kọ́kọ́ jáde ní 1953, kò ju ojú ìwé mélòó kan lọ. Michael Obi, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, dí ọ̀nà àtijọ́ kan tó la ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kọjá, ọ̀nà tí àwọn ará abúlé gbà pé òkú wọn ń bá lọ, tí ọmọ tí a óò bí sì ń bá wọlé. Obìnrin kan kú nígbà ìbímọ, àwọn ará abúlé gbà pé ọ̀nà tí Obi dí ló fà á, wọ́n fa ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tu, alábòójútó sì dé lọ́jọ́ náà gan-an, ó kọ ìròyìn búburú nípa Obi. Ìlú tó ń tọ́jú igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi sára ohun ìní gbogbo ayé ní 2005, kò ní ṣàìrí nǹkan sọ nípa ìtàn yìí.

Kì í ṣe gbogbo ìtàn tó lókìkí ló yẹ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn O. Henry nípa ìyàwó tó ta irun orí rẹ̀ láti ra ẹ̀wọ̀n aago fún ọkọ, nígbà tí ọkọ ti ta aago náà láti ra kóòmù fún un, dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì òǹkọ̀wé náà le, ọmọ SSS 1 lè rì sínú rẹ̀. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ di SSS 3, tàbí kí wọ́n lo ẹ̀dà tí a ti mú rọrùn.

Àwọn kan yóò ní a ń tako ara wa, pé a ń jà fún èdè abínibí, a sì tún ń tọrọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ìtakora níbẹ̀. Láti 1970, ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́, nínú ìpínlẹ̀ wa yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ kan láyè ara rẹ̀, tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó ti gbọ́ àlọ́ Ìjàpá ní Yorùbá ti mọ ohun tí ìtàn jẹ́. Ó mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá tún sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ìdí, ó mọ̀ pé ojúkòkòrò yóò kó bá ẹni tó ní i, ó sì ń dúró de òpin. Ìmọ̀ yẹn ló máa gbé wọnú Gẹ̀ẹ́sì, òun náà sì ni ìpinnu Àbújá fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ní ìjákulẹ̀ nínú WAEC, NECO àti JAMB ló fa ìpinnu náà. Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ tó jókòó ìdánwò WAEC ní 2025 ti kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìlànà ọdún 2022 tó dé. Báwo ni ìlànà tí kò kàn án ṣe mú un fìdí rẹmi? Ó ń sú ni kí àgbà tó ń ṣe àkóso ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè máa sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún ń sú ni kí àwọn aláṣẹ tiwa níbí máa dúró de ìwé àṣẹ láti Àbújá lórí ohun tí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí wọ́n má sì sọ pé owó ni. Òfin ọdún 2022 tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ní Nàìjíríà fún ìwé ní 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Maupassant kú ní 1893, Anton Chekhov ará Rọ́ṣíà kú ní 1904, O. Henry kú ní 1910. Bí wọ́n bá ti lo ìtumọ̀ tí òun náà ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, wọn kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó; iye bébà àti íǹkì nìkan ló kù, àwọn òǹtẹ̀wé sì wà ní Òṣogbo. Ti Achebe, tó kú ní 2013, ní olówó rẹ̀, kí wọ́n tọrọ àyè kí wọ́n sì sanwó.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀: ìtàn 10 nínú ìwé kan ṣoṣo fún SSS 1 dé SSS 3, ìtàn kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, fún ọmọ sáyẹ́ǹsì àti ọmọ áàtì bákan náà, pẹ̀lú píríọ́ọ̀dù méjì tí a so pọ̀, tí olùkọ́ yóò kọ́kọ́ ka ìtàn sókè, tí wọn kò sì ní fi ṣe ìdánwò kankan ní sáà àkọ́kọ́. Kí wọ́n kéde orúkọ ìtàn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, àti iye ẹ̀dà tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yóò gbà, kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé. A ti ya àyè sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yìí láti tẹ ìkéde náà jáde lọ́fẹ̀ẹ́.