Ìjà Ọ̀rẹ̀ tó kù sí wa lẹ́nu

Lọ́jọ́sí, bọ́ọ̀sì wa dúró ní Ọ̀rẹ̀, lójú ọ̀nà Èkó sí Benin. Àwọn tó ń ta búrẹ́dì àti ìpékeré ya bo fèrèsé, wọ́n ń ti ara wọn. Ọmọkùnrin tó jókòó tì mí ní, "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!" Mo bi í pé ìjà wo nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ̀, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé àwọn nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, àwọn ọmọ ogun Bìáfúrà, apá Ìlà-Oòrùn tó fẹ́ ya kúrò lára Nàìjíríà, sọdá Odò Ọya, wọ́n gba Benin, wọ́n sì dorí kọ ọ̀nà Èkó. Ọ̀rẹ̀ yìí ni sójà ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Ẹ̀mí ṣòfò níbẹ̀ o! Àwa wá sọ ọ́ di àpèjúwe fún ìdánwò tó ta kókó. Níbi tí bọ́ọ̀sì wa dúró sí, mi ò rí òkúta kan tí wọ́n kọ orúkọ òkú ogun sí.

Gbogbo 15 oṣù kìíní, ọjọ́ tí ogun náà parí ní 1970, àwọn gómìnà máa ń gbé òdòdó sílẹ̀ láti ṣèrántí àwọn sójà tó kú sógun, àwọn sójà á yìnbọn sókè, wọ́n á tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn opó sójà tó ń jókòó níbẹ̀, ẹkún wọn kì í ṣe ẹkún ojú ayé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n á gbà pé sójà nìkan ni ogun náà pa. Àwọn ará Asaba ńkọ́? Nínú oṣù kẹwàá 1967, wọ́n wọ akwa ocha, aṣọ funfun tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ, wọ́n jó jáde láti kí àwọn sójà ìjọba káàbọ̀. Àwọn sójà yẹn ya ọkùnrin sọ́tọ̀, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Àwọn ọmọdé tí ebi pa ní Bìáfúrà ńkọ́? Ní mùsíọ́mù ogun tó wà ní Umuahia, ọkọ̀ ogun àti bọ́ǹbù wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ebi ò ṣeé gbé kalẹ̀ báyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Kí wọ́n ri òkúta kan mọ́lẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀, kì í ṣe nínú ọgbà ìjọba o, níbi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí gan-an. Kí wọ́n kọ gbogbo orúkọ tí a bá rí kó jọ sí i: sójà ìjọba, sójà Bìáfúrà, àgbẹ̀ tí ọta ìbọn bá lóko. Kí ọmọkùnrin yẹn rí nǹkan kà kí dẹ́rẹ́bà tó ṣíná.