Ohun tí Òfin Ilẹ̀ sọ gan-an nípa gbàgede etí odò Lọ́kọ́ja

Ẹ̀yin ará Òkun, ọ̀rọ̀ kan ń tàn kálẹ̀ pé Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti sọ gbogbo ilẹ̀ di ti gómìnà, nítorí náà àwọn ará Lọ́kọ́ja tí kò fẹ́ kí a kọ́lé dí gbàgede etí odò kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Àṣìṣe ni.

Abala kìíní fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn náà kò parí síbẹ̀: ó ní kí ó máa bójú tó o fún ìlò àti àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tí a ní kó ṣọ́ ẹrù kọ́ ló ni ẹrù. Ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò dá.

Bákan náà, níbi tí a bá ti ṣe àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ kan lórí àyíká, abala keje òfin àyẹ̀wò náà ti ọdún 1992 pàṣẹ pé kí a gbọ́ tẹnu ará ìlú kí ìpinnu tó wáyé. Àwa tí a rí omíyalé ọdún 2012 àti 2022 mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó.

Ẹ ka abala kìíní fúnra yín, gbólóhùn kan péré ni.