Àtúnṣe: Lésà kì í sọ wúrà di púpọ̀
Ọ̀rọ̀ kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé bí a bá tan lésà, ìyẹn ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ tó lágbára gan-an, sí wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a tẹ́ sójú gíláàsì, yóò fọ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró kéékèèké, wúrà ẹni yóò sì pọ̀ sí i. Òótọ́ ni ti hóró. Irọ́ ni ti pípọ̀.

Lésà kì í lọ wúrà bí ẹní lọ ata, ńṣe ló ń yọ́ ọ. Láàárín àkókò tí kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, wúrà tó ti di olómi náà, tí kì í lẹ̀ mọ́ gíláàsì dáadáa, yóò súnkì, yóò sì ká jọ ní róbótó, gẹ́gẹ́ bí omi ti ń ṣe lórí ewé kókò, kí ó tó dì. Bí ìtànṣán méjì bá pàdé lórí rẹ̀, ibi gbígbóná àti ibi tí kò gbóná tó o yóò máa tẹ̀léra, àwọn hóró náà yóò sì tò bí ebè oko.

Ìwọ̀n rẹ̀ kò lé rárá. Díẹ̀ tilẹ̀ lè bá oru lọ. Àwọ̀ ló ń yí padà, nítorí pé hóró wúrà tó kéré tó bẹ́ẹ̀ a máa pọ́n bí omi sóbò.